Ohun Tó Mú Kí Àtùpà Suwaibat Wọ́n

Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tó ń ta àtùpà láti Ajégúnlẹ̀ títí dé Kirikiri tò sórí ìlà, kí wọ́n fi aṣọ dì wọ́n lójú, kí wọ́n sì máa gbé àtùpà lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n sọ iye rẹ̀, Suwaibat nìkan ni yóò gbà á láìṣì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò dé ọjà Boundary rí ni. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún obìnrin náà ni ìwọ̀n rẹ̀. Á gbé àtùpà lé e, á mi ọwọ́ náà sókè sódò díẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ tuntun lẹ́kún, á ní, "Wọ́n ta èyí fún yín ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni." Ẹni tó gbé e wá á gbà, nítorí bó ṣe wí gan-an ló rí. Wọ́n ní ó ṣe é fún ọ̀gá ọlọ́pàá kan rí, ọ̀gá náà sì gba ibẹ̀ lọ mú ẹni tó ta àtùpà fún un.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ iye ohun kan, ọ̀tọ̀ ni. Kí àwọn tó fẹ́ rà á gbà fún un, ọ̀tọ̀ ni. Ibi tí ìyà Suwaibat wà nìyẹn.

Abẹ́ tapólì búlúù kan ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, tapólì tí òjò àti oòrùn ti lù títí tó fi rí bí awọ ojú arúgbó. Fìtílà alágolo wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà. Lántánì onígíláàsì wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Gílóòbù wà nínú agbọ̀n, àtùpà oníbátìrì jókòó sórí pákó ní iwájú, ti sólà sì ń rọ̀ lókè bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ní igun kan, ó ta aṣọ dúdú tó nípọn bo ibi tí ènìyàn kan lè dúró sí, kí oníbàárà tó bá wá lọ́sàn-án lè wọ inú òkùnkùn kó sì tan àtùpà wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí iná ìjọba ti lọ láti ìjẹta, Mansur oníkẹ̀kẹ́ dúró níwájú ìsọ̀ náà. Kò pa ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ohun gbogbo orí pákó ń gbọ̀n.

"Àlàájà, ẹ kú ọjà. Èló ni oníbátìrì yìí?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá."

"Ẹgbẹ̀rún mélòó? Ṣé ó ń se ìrẹsì ni?"

"Kò se ìrẹsì. Ó ń tàn ni."

"Anayo ń ta èyí tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ní òdì kejì yẹn. Àwọ̀ kan náà, súìṣì kan náà. Ẹ̀yin wá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé e. Ṣé owó ọkọ̀ Mẹ́kà ni?"

Suwaibat mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ yìí, ó ti sọ ọ́ títí ó fi ń sọ ọ́ lójú oorun. "Ọmọ mi, wá jókòó."

"Mo ní èrò nínú kẹ̀kẹ́."

"Tóò, dúró síbẹ̀ kó o gbọ́. Rọ́bà tó o rí lára rẹ̀ yẹn, iye kan náà ni lọ́wọ́ èmi àti Anayo. Inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Bátìrì tó wà nínú ti Anayo kò ju ìka ọmọdé lọ. Tó o bá tàn án, á mọ́lẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán, kó o tó jẹun alẹ́ tán, ó ti ń ṣẹ́jú. Òjé ló kún inú bátìrì tèmi. Òjé ló ń gba iná dúró, òjé wọ́n, òjé sì wúwo. Gbé e wò."

Mansur gbé e. Ó wúwo. "Fìtílà alágolo yẹn ńkọ́? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni lónìí. Kẹrosíìnì tó máa mu látòní dé òpin oṣù ńkọ́? Fìtílà yẹn kò wọ́n, oúnjẹ rẹ̀ ló wọ́n."

"Lántánì?"

"Gíláàsì ni kó o bá wí. Nínú gbogbo páálí lántánì tó ń ti ojú omi bọ̀, àwọn kan á ti fọ́ wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó dé ọwọ́ mi. Èyí tí kò fọ́ ló ń sanwó èyí tó fọ́. Ti sólà, owó epo rẹ̀ lò ń san sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oòrùn á sì máa bọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí wà fún gbogbo rẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn èrò inú kẹ̀kẹ́ yọrí síta. "Ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́, ṣé àtùpà lẹ fẹ́ rà ni àbí ìwàásù lẹ wá gbọ́?"

Mansur gbé àtùpà náà padà sórí pákó pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Àlàájà, òótọ́ lẹ sọ. Ó wúwo. Ó dára." Ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá sí òdì kejì, ó sì ra ti Anayo.

Suwaibat rí i. Kò tilẹ̀ ní ibi tó lè kọjú sí tí kò ní rí i.

Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ gbígbé-wò yìí. Ìwó ni bàbá náà, Sàlàkọ́, ti wá sí Ajégúnlẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ṣì jẹ́ àbàtà, ó ń fi agolo mílíìkì ṣe fìtílà, ó sì ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì àwọn tó ń gbé Amukoko lónìí fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ fìtílà Sàlàkọ́ ni wọ́n bí wọn sí. Agolo méjì ló máa ń gbé fún ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Má wo èyí tó ń dán. Gbé e." Agolo tó fúyẹ́ tín-ín-rín ni, kò ní pẹ́ tí kẹrosíìnì á fi máa jò níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Èyí tó wúwo á bá ènìyàn dàgbà. Nígbà tí àtùpà oníbátìrì dé, Suwaibat gbé e lọ́wọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó sì rí i pé bákan náà ló rí.

Inú aṣọ dúdú yẹn gan-an ló jẹ́ kó fara mọ́ ọwọ́ ju ojú lọ. Bí ènìyàn bá gbé tirẹ̀ àti ti Anayo wọ ibẹ̀, ti Anayo ló máa ń mọ́lẹ̀ jù, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo agbára rẹ̀. Oníbàárà á jáde, á máa pajú pẹ́, á ní, "Àlàájà, ti tọ̀hún mọ́ ju tiyín lọ." Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbogbo ẹni tó bá yà níbẹ̀ pé kí wọ́n gbé e. Ó kọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyàwó ilé ní Amukoko ń gbé aago ògiri wò kí wọ́n tó rà á, wọ́n ń gbé rédíò wò, wọ́n ń gbé áyọ́ọ̀nù wò. Wọ́n ní ìyá kan ní Tolu gbé báàgì àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ wò kó tó ní kó jókòó.

Gbogbo ayé wá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Wọ́n á gbé ti Suwaibat, wọ́n á yìn ín, wọ́n á sì lọ ra ti Anayo.

Anayo kò sì jẹ́ ènìyàn burúkú tí ènìyàn ìbá fi bínú sí i kó rójú sùn. Bí òjò bá ti ń ṣú, òun ló ń kọ́kọ́ sáré kọjá wá bá a di etí tapólì mú. "Mama Lùkú," ó sọ fún un lọ́jọ́ kan, torí pé Lùkúmọ̀n ni orúkọ àkọ́bí Suwaibat, "ẹ ń da ara yín láàmú. People no dey buy light. Na price dem dey buy."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń já Suwaibat láyà. Pé Anayo ń tà kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí ẹnì kan ṣoṣo ní Ajégúnlẹ̀ tó máa gbà lẹ́nu rẹ̀ pé ìdí wà tí ohun kan fi wọ́n ju èkejì lọ. Bí ọjọ́ yẹn bá dé, kó ká tapólì rẹ̀ nílẹ̀ ló kù.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí Àlíù sì pè é láti Àpápá pé ọjà tuntun ti dé.

Àlíù jẹ́ ọmọ Ìwó bíi tirẹ̀. Òun ló ń kó àtùpà wọlé láti òkè òkun, ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìn wọ́fù. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé sọ fún ẹni tí kò débẹ̀ rí. Tírélà tò tí ẹnikẹ́ni kò rí òpin wọn. Awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ti gbin ata sí abẹ́ tírélà rẹ̀, ó sì ti ń ká a. Suwaibat ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàárín wọn, ó ń ká ìró rẹ̀ sókè, títí ó fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní apá ibi tí àwọn olówó ń gbé. Àtùpà tí wọ́n ń so mọ́ àjà ló wà nínú rẹ̀, ó rí bí igi tó so jígí. Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn tó kọ́ yàrá kan ní Ìwó. Ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun wọlé, ó nawọ́ sí ọ̀kan, wọ́n sì ń dì í fún un. Kò bi wọ́n pé nítorí kí ni. Suwaibat dúró wò ó títí. Ẹni tó fẹ́ ra ti ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá nìkan ló máa ń fẹ́ mọ ìdí.

"Àǹtí Suwaibat, ẹ káàbọ̀," Àlíù sọ. Ó gbé àtùpà kan lé e lọ́wọ́ kó tó jókòó. "Mi ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ gbé e wò."

Ọwọ́ Suwaibat rẹlẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́. Láti ìgbà tó ti ń gbé àtùpà, kò gbé èyí tó wúwo báyìí rí. Ó mi ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò, ó gbé e sí ọwọ́ òsì, ó tún gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀.

"Èló?"

Iye tí Àlíù sọ kéré díẹ̀ sí ti àtijọ́. Níbẹ̀ ló yẹ kó ti dúró. Obìnrin tó ń wàásù fún gbogbo oníkẹ̀kẹ́ Ajégúnlẹ̀ pé ìdí wà fún iye ohun gbogbo, kò bi ara rẹ̀ pé kí ló mú kí iye ohun tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ayọ̀ ti gba ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo owó ọjà rẹ̀ ló fi rà á.

Ó gbé e dé Boundary, ó já àwọn páálí náà, ó tò wọ́n sórí pákó, ó sì jókòó bí ìyàwó ọba. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọ̀kan, ojú rẹ̀ á là. Àwọn tí kò rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ dúró, wọ́n ń na ọwọ́ sí ara wọn pé kí àwọn náà gbé e. Mansur pàápàá pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

"Àlàájà, èyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí á lè fọ́ orí olè."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá."

"Mo ń bọ̀ tí mo bá ti pa owó díẹ̀."

Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni Ebinimi. Agbẹ̀bí ni. Bayelsa ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì ń gba ẹ̀bí àwọn obìnrin nínú ilé kan tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Amukoko. Kì í ná ọjà lọ́wọ́ Suwaibat. Bí gbogbo ayé bá lọ sọ́dọ̀ Anayo, Ebinimi kò ní lọ, Suwaibat sì mọ̀. Ó gbé àtùpà náà, ó mi orí.

"Mama Lùkú, obìnrin kan ti ń rọbí nílé. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ó dára?"

"Èmi ni mo ní ó dára. Ilẹ̀ á mọ́ bá a."

Ebinimi sanwó, ó gbé e sábẹ́ apá, ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Suwaibat kò tíì to ọjà rẹ̀ tán tí Ebinimi fi dé. Kò kí i. Ó gbé àtùpà náà sórí pákó.

"Iná fóònù ni mo fi gba ọmọ náà. Ìyá ọkọ obìnrin náà ló dì í mú fún mi."

"Kí ló ṣe àtùpà?"

"Ó kú. Kí orí ọmọ tó yọ, ó ti kú."

"Ìyẹn ni pé o ò gba iná sí i dáadáa."

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo gbé e lọ. Mo dúró tì í."

"Bóyá o ò ti súìṣì rẹ̀ dé ibi tó yẹ. Gbé e wò, Ebinimi. Ohun tó wúwo báyìí kò lè kú bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbé e, mà. Èmi ni mo gbé e wá."

Ohùn Ebinimi kò ga, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ń dúró. Anayo náà kọjá wá pẹ̀lú sukurudíráfà ní ọwọ́. "Ẹ jẹ́ ká ṣí i. Kí lẹ̀ ń bá ara yín jà sí?"

Ó tú súkúrù ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì ńlá dúdú kan jáde, ó tóbi, ó fẹ̀, ó ṣeé wò. Ọkàn Suwaibat balẹ̀ díẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Ẹ wo bó ṣe tóbi tó."

Anayo gbé bátìrì náà sí etí, ó mì í. Ó wo ojú Suwaibat, lẹ́yìn náà ó fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì dà á dé.

Iyanrìn ló ń dà. Iyanrìn funfun kíkúnná bíi ti etí òkun, ó ń dà sórí pákó, ó ń ṣàn kọjá sáàárín àwọn gílóòbù. Nígbà tó dà tán, bátìrì kékeré kan ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀. Kò ju ìka ọmọdé lọ.

Ni ẹnì kan láti ẹ̀yìn bá ní, "Iyanrìn yẹn mọ́ o. Ẹ bá mi kó o jọ, mo ń mọlé lọ́wọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Anayo kò rín. "Mama, iyanrìn kì í gba iná. Who come tell dem say make e heavy?"

Suwaibat wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní kí Anayo bá òun wo ìsọ̀, ó wé gèlè rẹ̀ mọ́ orí, ó sì gba Àpápá lọ. Inú bí i débi pé kò rí tírélà kankan lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

"Àlíù, iyanrìn ni mo rà lọ́wọ́ rẹ."

"Àǹtí, ẹ jókòó ná. Kí wọ́n bá yín ra míńírà."

"Mi ò mu míńírà. Iyanrìn ni mo ní."

"Mo ti gbọ́." Àlíù fa àga, ó jókòó sí iwájú rẹ̀. Ojú kò tì í, kò sì bínú, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àlejò. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà tẹ́ ẹ wá, ṣé ẹ bi mí pé iná rẹ̀ á ti pẹ́ tó? Ẹ bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀? Ẹ gbé e ni. Gbogbo ẹni tó ń ti Ajégúnlẹ̀ wá báyìí, wọn kì í bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n á gbé e, tí kò bá ti wúwo, wọn ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ọjà sùn sí mi lọ́rùn. Mo bá sọ fún àwọn tó ń ṣe é lọ́hùn-ún pé àwọn oníbàárà mi fẹ́ kó wúwo. Wọ́n ní ṣé kí àwọn fi òjé kún un. Mo ní èló. Wọ́n sọ iye rẹ̀, mo ní á ti wọ́n jù. Wọ́n ní kò burú, ọ̀nà mìíràn wà."

"Ìwọ náà sì gbà."

"Èmi ní kó wúwo ni, Àǹtí. Ṣé kò wúwo ni?"

Ẹnu Suwaibat fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Láti abẹ́ tapólì rẹ̀ ló ti rìn dé Amukoko, ó dé Àpápá, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí, ó sì padà wá bá a nínú páálí. "Ìwó kan náà la ti wá, Àlíù."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi dín in fún yín."

"Gbà á padà."

"Ẹ ti já páálí. Ẹ mọ̀ pé a kì í gba ọjà tí wọ́n ti já páálí rẹ̀."

Ó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Nígbà tó padà dé Boundary, Anayo ti kó iyanrìn náà sínú agolo kan, ó gbé e sábẹ́ pákó bí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rí. Ó wo ojú Suwaibat, kò bi í léèrè bí ọ̀hún ṣe rí. "Mama, ẹ tà á bẹ́ẹ̀," ó sọ jẹ́ẹ́. "Fourteen. Ta ló máa ṣí i?"

Bó bá tà á bẹ́ẹ̀, owó ọjà rẹ̀ á padà, kò sì ní sí ẹni tó máa bá a jà ju bí wọ́n ti ń bá a jà tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti na ọwọ́ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá lórí iyanrìn, gbogbo àlàyé tó ti ń ṣe látọjọ́ yìí ti di irọ́. Ó wá páálí kan, ó ya á, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gbàgàdà: ÀTÙPÀ ONÍYANRÌN. KÒ PẸ́ KÓ TÓ KÚ. ẸGBẸ̀RÚN MẸ́RIN. Ó gbé e kọ́ síwájú.

Ohun tó rò ni pé àwọn ènìyàn á kà á, wọ́n á bínú, wọ́n á sì kọjá lọ.

Wọ́n kà á. Wọ́n wọ́ wá. Kí oòrùn tó wọ̀, ìsọ̀ rẹ̀ ti kún débi pé tapólì ń mì. Mansur dé ní iwájú wọn, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó borí ní kóòtù.

"Àlàájà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ òótọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo òjé òjé yẹn."

"Ka ohun tí mo kọ, Mansur."

"Mo ti kà á."

"Iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Anayo. Iyanrìn ló kún un."

Mansur gbé ọ̀kan, ó mi ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò díẹ̀, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ tuntun lẹ́kún. "Irọ́ ni. Ti Anayo fúyẹ́. Èyí wúwo. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa."

"Mo kọ́ yín. Mo ní mo ṣì yín kọ́."

"Àlàájà ń ṣàwàdà," obìnrin kan tó gbé méjì dání sọ fún ẹnì kejì rẹ̀. "Kò fẹ́ kí Anayo mọ̀ pé òun ti já owó rẹ̀ wálẹ̀ ni."

Suwaibat fa agolo iyanrìn jáde lábẹ́ pákó, ó gbé e sí wọn lójú. Wọ́n wò ó. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá èèyàn lè gbin òdòdó sí i. Ó jókòó, ó ń gba owó, ó ń gbé àtùpà fún wọn, orí rẹ̀ ń fọ́. Nígbà tó gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá lé ohun tó tọ́ sí i, olè ni. Nígbà tó gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lé ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ gbogbo ayé ni. Ní òdì kejì, Anayo jókòó ti ọjà rẹ̀ tó fúyẹ́, kò sí ẹnì kan níwájú rẹ̀.

"Mama, you don kill my market," ó pè láti ọ̀hún. "Bátìrì kan náà ni. Tèmi ò ní iyanrìn, wọ́n ní tèmi ò dára."

"Wá sọ fún wọn."

"Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní mò ń jowú."

Àárín èrò yẹn ni Ebinimi ti yọ. Kò wo páálí tí Suwaibat kọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá wá bá a ní ẹ̀yìn pákó.

"Mama Lùkú, ẹ wá bí ẹ ṣe máa ṣe é. Obìnrin méjì ló wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí."

Àtùpà méjì ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ Suwaibat nínú ọjà àtijọ́, àwọn olójé. Ó gbé ọ̀kan jáde láti inú àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ pé ó fúyẹ́ sí ti oníyanrìn, ẹnikẹ́ni tó bá gbé méjèèjì á sọ bẹ́ẹ̀. Ó nà án sí Ebinimi. "Gbé e." Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ní ẹnu ara rẹ̀.

Ebinimi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Mi ò gbé nǹkan kan lọ́wọ́ yín mọ́, mà. Ẹ ṣí i."

"Bí mo bá ṣí i, èdìdì ilé iṣẹ́ rẹ̀ á já."

"Ẹ já a."

Suwaibat mú sukurudíráfà Anayo tó ṣì wà lórí pákó. Ìka rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ náà, súkúrù kan bọ́ sínú gọ́tà, kò wá a. Ó fa bátìrì náà jáde, ó fi ọ̀bẹ ha ibi kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí òjé fi yọ, eléérú, tó ń dán níbi tí ọ̀bẹ ti kọjá. Kò sí nǹkan tó dà. Ebinimi tẹ̀ ba, ó wò ó, ó fi èékánná kàn án. Ó wo ojú Suwaibat, kì í ṣe fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ ní ó dára?"

Suwaibat gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Èmi ni mo ní ó dára. Bí ilẹ̀ kò bá mọ́ bá a, má padà wá sọ́dọ̀ mi mọ́."

"Kí n fowó lé e?"

"Rárá. Ohun tó o sanwó rẹ̀ lánàá nìyẹn."

Ebinimi dì í mọ́ra, ó ń dá a padà sínú rọ́bà rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Mansur nawọ́ dá a dúró. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, èló lẹ ra ìyẹn?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Èyí tí wọ́n ti tú. Àǹtí, tòkunbọ̀ lẹ rà yẹn."

"Tèmi ni," Ebinimi sọ, kò sì dúró.

Mansur yípadà sí Suwaibat. Àtùpà oníyanrìn rẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ti sanwó rẹ̀, kò sì lọ. Ó ń wo àpótí. "Ọ̀kan tó kù níbẹ̀ yẹn ńkọ́? Èló lẹ máa tà á?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá."

"Nítorí kí ni?"

Suwaibat wò ó, ó wo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ tí ọwọ́ wọn ń gbé iyanrìn sókè sódò. Ó fa àtùpà tó kù jáde, ó ki ẹnu sukurudíráfà bọ súkúrù rẹ̀ àkọ́kọ́.

"Jókòó," ó sọ fún un. "Kó o sì pa ẹ́ńjìnnì yẹn."